Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹni tí Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Iṣẹ́ Olóògbé Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ kú ìrọ́jú.

A mọ̀ pé omijé ò tíì gbẹ lójú yín, kò sì sẹ́ni tó ń wá ìwé gígùn kà nírú àsìkò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín ti lọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ sì ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí nǹkan gidi dì mú nípa rẹ̀, tàbí bóyá gbogbo rẹ̀ máa kù sí "èèyàn dáadáa ni, ó láwọ́, ó sì mọ iṣẹ́." Iṣẹ́ títọ́jú ohun táwọn oníṣẹ́ ọnà fi sílẹ̀ la yàn láàyò, ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ̀wé sí yín, yálà àwòrán ni olóògbé ń yà, igi ló ń gbẹ́, aṣọ ló ń rán, orin ló ń kọ tàbí ìkòkò ló ń mọ.

Ohun kan mú ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Oníṣẹ́ ọnà tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní ìwé ọjà tó tà. Èyí tó ń kó tiẹ̀ pa mọ́, yàrá rẹ̀ á kún. Ṣùgbọ́n ẹni tó láwọ́, iṣẹ́ tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ nílé. Bó bá ti parí rẹ̀ ló ti fún ẹni tó yìn ín. Ohun tẹ́ ẹ máa bá nínú yàrá yẹn, àṣẹ́kù ni: irinṣẹ́, àfidánwò, àti èyí tí kò tíì parí. Ara ògiri àwọn ẹlòmíì, inú àpótí wọn àti inú fóònù wọn ni ìyókù wà. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ìkánjú ṣe àkọ́kọ́, tí wọn ò sì ní dé ìdí èkejì rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá. Ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má gbálẹ̀, ẹ má nu tábìlì, ẹ má da ohun tó jọ ìdọ̀tí nù. Àwọn tó fẹ́ràn yín máa fẹ́ wá bá yín tún ibẹ̀ ṣe, inú kan ni wọ́n sì máa fi ṣe é, àmọ́ ọwọ́ irú wọn gan-an ni nǹkan ti ń bà jẹ́ jù. Bí nǹkan ṣe wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí ẹni náà dìde níbẹ̀ gbẹ̀yìn ni àkọsílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó dá yà sọ́tọ̀ nínú ife, bébà pélébé tó kọ nọ́ńbà sí tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé tó dojú dé síbi tó kà á dé. Tẹ́ ẹ bá ti rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan, kò sẹ́ni tó lè tò ó padà mọ́.

Ewu iná nìkan ló yẹ kó mú yín wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀dà olóróró ni olóògbé fi ń kun àwòrán, tàbí òróró linseed ló fi ń pa igi lára, ẹ wá àkísà tó fi ń nuwọ́. Àkísà tó bá mu òróró yìí máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, torí òróró náà ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá wà ní òkìtì tàbí tó rún sínú bákẹ́ẹ̀tì, ooru yẹn ò ríbi gbà jáde, ó sì lè gbiná láàárín wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ pátápátá, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Ẹ yọ wáyà gbogbo ohun tó ń gbóná kúrò lára iná. Tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ amọ̀ tí kò tíì wọná, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ gbé e, pátákó abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe etí tàbí ọrùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ máa yí lọ, pẹpẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ṣí i, láìgbé ohunkóhun kúrò. Kí fọ́tò kan wọnú èkejì díẹ̀, kó má bàa sí àlàfo. Yàrá kékeré lè gba 80 sí 100 fọ́tò. Kò pọ̀ jù. Ẹ fún pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì, bí A1, A2, B1, kẹ́ ẹ sì kọ àmì yẹn kan náà sára páálí tí nǹkan ibẹ̀ bá wọ̀. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, ẹni tó bá mú ìwé kan jáde nínú páálí á lè mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti wá, lábẹ́ àwòrán báyìí-báyìí.

Bébà ló tètè máa ń bà jẹ́ jù. Pẹ́ńsù 2B ni kẹ́ ẹ fi kọ nǹkan, lẹ́yìn bébà, létí ìsàlẹ̀. Báírò máa ń yọ síwájú. Gọ́ọ̀mù ara sẹ́lótéèpù máa ń wọnú bébà, á pọ́n, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Pínnì máa ń dípẹtà, rọ́bà tí wọ́n fi dì í máa ń yọ́ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ yọ méjèèjì. Ìwé ìròyìn tó gé pa mọ́ ní ásíìdì nínú, á sì mú kí bébà tó bá fara kàn án pọ́n bíi tiẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba àwòrán lọ́wọ́ yín láti lọ fi ọ̀rá gbígbóná bò ó "kó lè pẹ́". Ohun tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ bébà kò ní kúrò lára rẹ̀ láéláé. Àwòrán tó fi èédú yà ò gbọdọ̀ wọ ọ̀rá èyíkéyìí rárá. Ẹ ṣáà ti rí bí kóòmù ṣe ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra tí wọ́n bá fi ya irun tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá ṣe máa fa èédú kúrò lórí àwòrán, ẹ ó sì bá ojú tí ọ̀rẹ́ yín fi ọ̀sẹ̀ méjì yà lára ọ̀rá. Bébà fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì ni kẹ́ ẹ tẹ́ lé e, kẹ́ ẹ sì tẹ́ òun náà sílẹ̀ gbalaja, láìká a.

Ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 nínú 100, bébà máa ń bu. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka ọ̀rinrin. Ẹ wá ọ̀kan. Tí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fà á ya. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó wá kan fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ẹ fi fóònù sí ṣáájì, ẹ má yọ síìmù, ẹ má sì jẹ́ kí ìlà náà kú. Nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì, orí ìlà yẹn ló ń wá, iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sì máa ń fún ẹlòmíì ní ìlà tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ má méfò páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn kan ti ṣètò iPhone wọn pé kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ tí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ nígbà 10.

Ọjọ́ ń lọ lórí àwọn àkáǹtì yìí náà. WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 120 rẹ́. Google lè pa èyí tẹ́nì kankan ò wọ̀ fún ọdún 2 rẹ́, tòun ti fọ́tò àti íméèlì inú rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2021 ni Apple ti ń jẹ́ kí èèyàn yan ẹni tó máa jogún àkáǹtì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n yàn, ẹ máa nílò kọ́kọ́rọ́ ìwọlé (kóòdù kan ni, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ onírin) tí olóògbé fún yín àti ìwé ẹ̀rí ikú, ọdún 3 péré lẹ sì ní láti kó nǹkan jáde. Facebook ní tiẹ̀ lè sọ ojú ewé náà di ti ìrántí, àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣe é, kò sẹ́ni tó lè fi páásíwọ́ọ̀dù wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ ka ìlànà wọn tán kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má sì fi àkáǹtì olóògbé kọ ohunkóhun síta. Jìnnìjìnnì ló máa ń kó bá àwọn ọ̀rẹ́ tí orúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bá yọ lójú fóònù wọn.

Ohun tí kì í sábà wá sẹ́ni lọ́kàn ni báǹkì. Tí báǹkì bá ti gbọ́ pé ẹni tó ni àkáǹtì ti kú, wọ́n á tì í pa. Owó oṣooṣù tí ìkànnì ìkófáìlìsí ń yọ kò ní yọ mọ́, owó ọdọọdún tó ń san lórí ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò ní yọ, lẹ́yìn ìkìlọ̀ mélòó kan tó sì lọ sínú íméèlì tẹ́nì kankan ò ṣí, fáìlì ti di àwátì. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ owó tó jáde ní oṣù 12 tó kọjá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tó ń jáde déédéé, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún kẹ́ ẹ tó dá èyíkéyìí dúró.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ da fáìlì kọ kẹ́ ẹ tó máa wò ó. Tẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì tẹ́ ẹ sì tún un fi pa mọ́, ọjọ́ ara rẹ̀ á yí padà sí òní, ọjọ́ yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tó ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà nílé míì. Ẹ má yí orúkọ fáìlì padà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́; bó bá sọ ọ́ ní "tuntun2 gan-an", ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí hard disk bá ń dún ká-ká-ká, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tàn án léraléra láti gbìyànjú wò, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á máa ha ojú ibi tí iṣẹ́ wà. Orin tàbí àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ yí i sí oríṣi fáìlì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè ṣí, ìyẹn WAV fún orin, PDF tàbí PNG fún àwòrán, nígbà tí ètò tó fi ṣe é ṣì ń ṣí.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà wà ńkọ́? Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ ó rí eyín kékeré méjì. Ẹ ṣẹ́ wọn kẹ́ ẹ tó ki í bọ inú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má bàa gba nǹkan míì lé ohùn rẹ̀ lórí. Tí téèpù bá ń dún fínfín, ẹ dá a dúró. Ara rẹ̀ ti ń yọ́ nìyẹn.

A ti dé ibi tó jẹ wá lógún jù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ olóògbé sílẹ̀. Ẹ wo fọ́tò tó yà kó tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ bi ẹni tó máa ń bá a di ẹrù, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tó ń ya àfidánwò sí. Kí ìwé tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn kúrú, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì jẹ́: "A ò ní gba ohun tó fún yín padà." Láìsí gbólóhùn yìí, ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn, torí wọ́n á rò pé ẹbí ti ń kó dúkìá jọ. Kẹ́ ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín, kódà tí ẹnì kan bá wá sọ pé iṣẹ́ náà ti di olówó ńlá. Ohun tó ti fi tọrẹ kò sí nínú ogún. Ẹni tó bá gbà á padà ń bá olóògbé jiyàn lẹ́yìn tí kò lè fèsì mọ́.

Fọ́tò àti ìtàn lẹ ń wá. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún fọ́tò mẹ́rin: iwájú, ẹ̀yìn, ibi tó fọwọ́ sí, àti ọ̀kan tí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí wọ́n lò, níbi tí oòrùn ò ti ta sí i, kí wọ́n sì pa iná kámẹ́rà, torí ó máa ń tàn yanran lórí gíláàsì àti lórí ọ̀dà. Kí fóònù dojú kọ iṣẹ́ náà tààrà. Tó bá dagun, igun mẹ́rin á di ohun míì. Gíga ni kí wọ́n kọ ṣáájú, kí fífẹ̀ tẹ̀ lé e, ní sẹ̀ǹtímítà, torí 30 lọ́nà 40 àti 40 lọ́nà 30 kì í ṣe ohun kan náà. Ọdún tí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n fi "bíi" ṣáájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ibi tó fọwọ́ sí ò sì ní ṣeé kà mọ́. Ẹ̀yìn tá a ní kí wọ́n yà yẹn kì í ṣe àṣerégèé o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ti ń kọ ọjọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ "fún lágbájá", ibẹ̀ náà lẹ sì ti lè rí àwòrán míì tó ti yà tẹ́lẹ̀ kó tó yí bébà sí òdìkejì.

Ní ti ìtàn, tẹ́ ẹ bá bi ogún èèyàn pé "irú èèyàn wo ni?", ìdáhùn kan náà lẹ máa gbà nígbà ogún. Ẹ bi wọ́n pé: Ṣé ẹ béèrè ni, àbí ó kàn gbé e wá? Kí ló sọ nígbà tó ń gbé e lé yín lọ́wọ́? Kí ló kọ́ yín tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe? Iṣẹ́ wo ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ló sì fi ṣe? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló máa ń tú wọn lẹ́nu jù. Bí ẹnì kan ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ tó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọgbọ́n orí rẹ̀ wà níbẹ̀, sùúrù rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀: ẹ gbé fóònù lé aṣọ tó nípọn, kó má jìnnà sẹ́nu, ẹ pa fáànù, ẹ sé ìlà kí ìpè má bàa gé e. Ogún ìṣẹ́jú tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn àti ọjọ́ òní. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ gbọ́ díẹ̀ lára rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ bá òfìfo nílé.

Ẹ ó tún bá oore tí kò ní àwòrán pàdé, owó ilé ìwé ẹnì kan tó san, gbèsè ẹlòmíì tó bá a dá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara yín, àmọ́ ẹ má kéde rẹ̀ láìgbàṣẹ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ó ní ìdí tí olóògbé fi ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Àdírẹ́sì àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn náà ò gbọdọ̀ jáde síta.

Ẹni tó láwọ́ máa ń yá nǹkan lọ́wọ́ èèyàn bó ṣe ń yáni. Irinṣẹ́ kan tàbí méjì nínú yàrá yẹn lè má jẹ́ tiẹ̀. Ẹlòmíì sì lè ti san owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ẹ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ dá nǹkan padà fún olówó rẹ̀ kí wọ́n tó wá béèrè.

Iṣẹ́ tí kò tíì parí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lè bẹ̀ yín pé òun máa bá a parí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa gbà, ẹ ya fọ́tò ibi tó bá a dé, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé fún olóògbé, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó yẹ kó kó ohùn rẹ̀ fún ẹ̀rọ pé kó máa fi sọ ohun tí kò sọ rí.

Ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá kì í bá a kú. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti 1886, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ irú iṣẹ́ ló ní ààbò fún ó kéré tán 50 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti sọ ọ́ di 70. Ẹni tó ní àwòrán lára ògiri ní bébà àti ọ̀dà. Ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tàbí káàdì jẹ́ ti àwọn àrólé. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìrántí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, torí wọn ò mọ̀ ni.

Ohun kan kù. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yẹ pẹpẹ wò, ẹ ó rí nǹkan tó ti wé sínú bébà tàbí tó gbé jókòó lọ́tọ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, tí orúkọ wà lára rẹ̀, nígbà míì orúkọ àpèjẹ́ lásán. Ẹ̀bùn tí kò tíì rí àyè gbé lọ ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ tó kọ sí i. Ẹ má tú u. Ẹ wá ẹni tó ni orúkọ náà rí, kẹ́ ẹ sì bá a fi jíṣẹ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà